Ẹni Tó Rán Ọ, Ẹni Tó Gbà Ọ́: Ìtàn Ìkọ́ṣẹ́ Míṣọ́n láti Lọ́kọ́ja dé Àbújá

Ọ̀nà méjì ni Àbújá fi jẹ́ ẹnubodè fún ọ̀dọ́ Kristẹni tó fẹ́ lọ kọ́ṣẹ́ míṣọ́n. Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ilé iṣẹ́ aṣojú ìjọba ilẹ̀ òkèèrè wà, nítorí náà akẹ́kọ̀ọ́ tó bá fẹ́ gba físà láti lọ sìn nínú ìjọ kan lókè òkun, bóyá fún oṣù mẹ́ta, bóyá fún ọdún kan, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ Àbújá ni wọn yóò ti fọ̀rọ̀ wá a lẹ́nu wò. Láti àgọ́ àwọn agùnbánirọ̀ tó wà ní Kubwa náà ni wọ́n sì ti ń pín àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde ní yunifásítì lọ sí Abaji, Kwali, Kuje àti Gwagwalada, tí àwọn Kristẹni àárín wọn ń dara pọ̀ mọ́ ẹgbẹ́ NCCF, tí wọ́n ń wọ abúlé lọ wàásù. Ẹni tó gba físà àti ẹni tó gba ìwé ìpínṣẹ́, ìṣòro kan náà ló ń dúró dè wọ́n: báwo ni wọn yóò ṣe dẹni tó fìdí kalẹ̀ láàárín àwọn tí wọn kò mọ̀ rí? Ohun tí mo fẹ́ fi ìtàn gbè lẹ́sẹ̀ ni pé ìkọ́ṣẹ́ gidi ni iṣẹ́ yìí, irú èyí tí baba wa mọ̀. Ọmọ tí wọ́n mú lọ sọ́dọ̀ télọ̀ tàbí alágbẹ̀dẹ kì í kọ́kọ́ fọwọ́ kan irinṣẹ́. Yóò gbá ilẹ̀ ṣọ́ọ̀bù, yóò jíṣẹ́, yóò mọ oníbàárà kọ̀ọ̀kan lórúkọ. Òbí rẹ̀ ló mú un wá, ṣùgbọ́n ọ̀gá tó gbà á ló ń pinnu ọjọ́ tí yóò gba òmìnira. Àwọn ìjọ wa mọ ipò òbí dáadáa, wọ́n mọ bí a ṣe ń gbàdúrà lé ènìyàn lórí ká tó rán an jáde. Ipò ọ̀gá tó gbà á ni a sábà máa ń gbàgbé, ibẹ̀ gan-an sì ni nǹkan ti bàjẹ́ rí, ní àgbègbè tí kò jìnnà sí Àbújá, ní ohun tó lé ní 130 ọdún sẹ́yìn.

Ká bẹ̀rẹ̀ lọ́dọ̀ Samuel Àjàyí Crowther, nítorí òun ni akẹ́kọ̀ọ́ Yorùbá tí ipasẹ̀ ìkọ́ṣẹ́ rẹ̀ hàn jù lọ nínú ìwé ìtàn. Wọ́n kó o lẹ́rú ní Òṣogùn ní 1821, wọ́n dá a sílẹ̀ sí Freetown ní ọdún tó tẹ̀ lé e, nígbà tó sì di 1826 wọ́n mú un lọ sí Lọ́ńdọ̀nù, níbi tó ti lo oṣù díẹ̀ ní ilé ẹ̀kọ́ ìjọ ní Islington. Ó padà, orúkọ rẹ̀ sì wà lára àwọn tó kọ́kọ́ wọ Fourah Bay ní 1827. Ní 1841 ó bá àwọn òyìnbó gòkè odò Ọya pẹ̀lú J. F. Schön, ará Jámánì tó ti ń kọ́ èdè Hausa lẹ́nu àwọn Hausa tí wọ́n dá sílẹ̀ lóko ẹrú sí Freetown. Schön ló dámọ̀ràn pé kí ẹgbẹ́ míṣọ́n CMS tún rán Crowther padà lọ kàwé. Ó padà sí Islington ní 1842, wọ́n sì fi í jẹ oyè àlùfáà ní 1843. Ohun tó yẹ ká ṣàkíyèsí ni ohun tó ṣe lẹ́yìn náà. Ìwé ọ̀rọ̀ Yorùbá tó kọ jáde ní 1843 yẹn gan-an, nígbà tí 1844 sì bẹ̀rẹ̀, èdè Yorùbá ló fi darí ìsìn fún àwọn ará rẹ̀ ní Freetown, níbi tó jẹ́ pé èdè Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n ti fi ń mọ ọ̀mọ̀wé. Ọkùnrin tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti Lọ́ńdọ̀nù dé padà lọ jókòó ti àwọn tó ń sọ èdè ìyá rẹ̀, ó ń to ọ̀rọ̀ wọn jọ ní ẹyọ ẹyọ. Àwọn ìyá àti baba tí kò mọ̀wé ni ọ̀gá rẹ̀ nínú iṣẹ́ yẹn, ó sì gbà wọ́n lọ́gàá.

Lọ́kọ́ja, tí ọ̀pọ̀ mọ́tò tó ń ti ilẹ̀ Yorùbá bọ̀ ń gbà kọjá kí wọ́n tó dé Àbújá, ni a ti rí òdìkejì rẹ̀. Ní 1890 ni àwọn ọ̀dọ́ òyìnbó kan dé ibẹ̀, tí wọ́n ń fojú sun ilẹ̀ Hausa. Graham Wilmot Brooke, tí kò tíì ju nǹkan bí ọmọ ọdún 25 lọ, àti J. A. Robinson, àlùfáà tó kàwé ní Cambridge, tó sì ti ṣe akọ̀wé míṣọ́n odò Ọya fún ìgbà díẹ̀, ni aṣáájú wọn. Kò sẹ́ni tó lè sọ pé ìtara wọn kéré. Wọ́n wọ ẹ̀wù bíi ti àwọn Hausa, wọ́n gbé inú ilé tí kò ní ìdẹ̀ra, wọ́n ní àwọn kò fẹ́ ààbò ìjọba Gẹ̀ẹ́sì. Lásìkò yẹn, Bíṣọ́ọ̀bù Crowther ti lé ní ẹni 80 ọdún. Ọdún 49 ti kọjá tó ti kọ́kọ́ gòkè odò náà, ọdún 26 sì ti kọjá tí wọ́n fi í jẹ bíṣọ́ọ̀bù. Bí ẹnì kan bá wà tó yẹ kí àwọn ọ̀dọ́ yìí lọ jókòó sí ẹsẹ̀ rẹ̀, kí wọ́n bi í bí ọba kọ̀ọ̀kan ṣe rí, bí ibà ṣe ń ṣe ènìyàn, irú ọ̀rọ̀ tó ń bí àwọn ará ìlú nínú, òun ni. Ìjókòó tí wọ́n bá a jókòó ti ìdájọ́ ni. Nínú oṣù August 1890, ní Onitsha, ìgbìmọ̀ tí àwọn òyìnbó pọ̀ nínú rẹ̀ dá àwọn òṣìṣẹ́ Crowther dúró lọ́kọ̀ọ̀kan níwájú rẹ̀, títí kan ọmọ bíbí inú rẹ̀, Archdeacon Dandeson Crowther. Baba náà fi ìgbìmọ̀ náà sílẹ̀. Ó kú ní Èkó ní ọjọ́ 31 oṣù December 1891. Ìrora ni ìtàn yìí jẹ́ fún ẹnikẹ́ni tó bá mọ ohun tí ọkùnrin yẹn ti là kọjá, mi ò sì rò pé ó yẹ ká máa sọ ọ́ wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́.

Àwọn kan yóò dáhùn pé Brooke àti Robinson gbìyànjú láti bá àwọn ará ìlú dọ́gba. Ta ló tún fẹ́ kí àlejò ṣe jù bẹ́ẹ̀ lọ? Ṣùgbọ́n aṣọ kì í ṣe ẹ̀kọ́. Ènìyàn lè ra agbádá lọ́jà ní ọjọ́ kan, kó má sì tíì gba ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo lẹ́nu ẹni tó ń wọ̀ ọ́. Àwọn Hausa tí wọ́n ń retí láti bá pàdé ni wọ́n múra fún; àwọn adúláwọ̀ Kristẹni tó wà níwájú wọn ní Lọ́kọ́ja ni wọn kò kà sí. Ẹ̀sùn kejì lágbára ju èyí lọ: pé àwọn kan lára òṣìṣẹ́ Crowther ṣẹ̀ lóòótọ́, pé àwọn kan ń ṣòwò, pé ìwà àwọn kan kò mọ́, àti pé Crowther fúnra rẹ̀ ń lo ògbufọ̀ ní àwọn ibi tí kò ti gbọ́ èdè. Òtítọ́ wà nínú rẹ̀. Ọ̀pọ̀ àwọn òṣìṣẹ́ náà, Freetown ni wọ́n dàgbà sí, àlejò ni àwọn náà jẹ́ lójú àwọn ará Onitsha àti Lọ́kọ́ja, àwọn mìíràn nínú wọn kò sì kọ́ èdè ibi tí wọ́n wà rárá. Èyí kò tako ohun tí mò ń sọ, ó tún kín in lẹ́yìn ni. Òṣìṣẹ́ adúláwọ̀ tó kọ̀ láti kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ onílé ṣubú sínú kòtò kan náà tí ọ̀dọ́ Cambridge ṣubú sí. Ohun tó mú ti àwọn ọ̀dọ́ burú sí i ni pé wọ́n gba agbára láti dájọ́ kí wọ́n tó mọ ẹjọ́. Èso rẹ̀ kò pẹ́ kó tó hàn: ní 1892 àwọn ìjọ ìsàlẹ̀ odò náà ya ara wọn sọ́tọ̀, wọ́n ń bójú tó ara wọn lábẹ́ Dandeson Crowther. Àwọn àgbà ní àlejò ní ojú, ṣùgbọ́n kò fi í ríran. Ẹni tí kò sì ríran ni wọ́n fún ní ìwé ìdájọ́.

Ibà ńkọ́? Robinson kú ní Lọ́kọ́ja nínú oṣù June 1891, Brooke kú nínú oṣù March 1892, ẹnikẹ́ni sì lè sọ pé ẹ̀fọn ló pa iṣẹ́ wọn, pé kì í ṣe ìwà. Mo gbà pé ẹ̀fọn pa ọ̀pọ̀ ènìyàn. Ní ọjọ́ 4 oṣù December 1893 ni àwọn ọ̀dọ́ míṣọ́nnárì mẹ́ta mìíràn, Walter Gowans, Thomas Kent àti Rowland Bingham, gúnlẹ̀ sí Èkó, kò sì sí èyí tó pé ọmọ ọgbọ̀n ọdún nínú wọn. Kí ọdún kejì tó parí, Gowans ti kú sí Girku, lẹ́bàá Zaria, Kent ti kú sí Bida. Bingham nìkan ló padà sílé, ìgbà kẹta tí wọ́n sì gbìyànjú, ní 1902, ni ẹgbẹ́ wọn, SIM, tó rí ibùdó ní Pàtígi. Oògùn àti ìmọ̀ nípa ẹ̀fọn kópa nínú ìyàtọ̀ yẹn, kò yẹ ká jiyàn. Ṣùgbọ́n ibà kọ́ ló kọ ìwé ìdádúró ní Onitsha. Ikú Robinson àti Brooke dá iṣẹ́ wọn dúró ní ọdún díẹ̀. Ọgbẹ́ tí wọ́n dá sí ọkàn àwọn Kristẹni adúláwọ̀ pẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Àwọn tó tẹ̀ lé wọn kọ́ ẹ̀kọ́ ìdajì. Ẹgbẹ́ tí Bíṣọ́ọ̀bù Tugwell kó jọ lọ sí Tripoli ní 1899, wọ́n kọ́ èdè Hausa lẹ́nu àwọn Hausa tó wà níbẹ̀, kí wọ́n tó gbéra ní Èkó ní 1900. Dókítà Walter Miller wà láàárín wọn. Wọ́n dé Kano pẹ̀lú èdè lẹ́nu, emir sì lé wọn jáde, nítorí wọ́n ní èdè, wọn kò ní onílé. Ó gba Miller ní ọ̀pọ̀ ọdún ní Zaria kó tó di ẹni tí wọ́n mọ̀ níbẹ̀, nígbà tó sì di 1913, àwọn ènìyàn kan wá a wá fúnra wọn: àwọn Isawa, ọmọlẹ́yìn Mallam Ibrahim, tí wọ́n ti ń bu ọlá fún Isa nínú Kùránì kí òyìnbó kankan tó bá wọn sọ̀rọ̀. Lójú tèmi, ọjọ́ yẹn ni ìkọ́ṣẹ́ Miller bẹ̀rẹ̀ sí í so èso. Bíbélì Hausa jáde ní 1932, ibùdó míṣọ́n náà sì ti kó lọ sí Wusasa, lẹ́yìn odi Zaria. Wusasa yẹn ni Yakubu Gowon dàgbà sí, ọmọ ajíhìnrere ará Plateau kan tó ṣí wá síbẹ̀. Ìjọba Gowon ló dá ètò agùnbánirọ̀, NYSC, sílẹ̀ ní oṣù May 1973, tí ọmọ Ìjẹ̀bú fi ń bá ara rẹ̀ ní Sokoto, tí ọmọ Sokoto fi ń bá ara rẹ̀ ní Ìjẹ̀bú. Mi ò sọ pé míṣọ́n ló bí NYSC. Ogun abẹ́lé ló bí i. Ṣùgbọ́n ẹni tó fọwọ́ sí i mọ ohun tó túmọ̀ sí kí ìdílé kan máa gbé láàárín àwọn tí kì í ṣe ẹ̀yà wọn.

Zaria kan náà ni àwọn ọ̀dọ́ ti dá CAPRO sílẹ̀ ní 1975, ọ̀kan lára ẹgbẹ́ míṣọ́n tí ọmọ Nàìjíríà dá sílẹ̀ fúnra wọn, tí ọ̀pọ̀ Yorùbá sì wà nínú rẹ̀. Ní oṣù February 1976 ìjọba yan ilẹ̀ Àbújá, ní ọjọ́ 12 oṣù December 1991 ni ìjọba àpapọ̀ kó wá síbẹ̀. Àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba láti ilẹ̀ Yorùbá kó ìjọ wọn dání, wọ́n kọ́ ilé ìsìn ńláńlá. Ẹ̀yà Gbagyi, Koro, Gade àti Bassa wà lára onílé ibẹ̀. Ta ló ń kọ́ èdè Gbagyi nínú àwọn ìjọ wọ̀nyí? Agùnbánirọ̀ tó wọ abúlé kan ní Kwali lọ wàásù ní èdè Gẹ̀ẹ́sì, tí ẹlòmíràn ń túmọ̀ fún un, tó sì kúrò kí ilẹ̀ tó ṣú, iṣẹ́ ló jẹ́, kò kọ́ṣẹ́. Wọn yóò ní àkókò kò tó, pé ọdún kan ni ìsìnlú, pé oṣù mẹ́ta ni físà. Àkókò kúkúrú gan-an ló sọ ọ̀gá di dandan: ẹni tó ní ogún ọdún lè ṣèèṣì rí ọ̀nà fúnra rẹ̀, bó ṣe rí fún Miller, ẹni tó ní oṣù mẹ́ta kò lè rí i àfi kí ẹnì kan fi hàn án. Bẹ́ẹ̀ náà ni fún ọmọ wa tó lọ sí Kẹ́ńyà, ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tàbí Amẹ́ríkà. Kó tó dárúkọ ohun tí ìjọ ibẹ̀ kò mọ̀, kó kọ́kọ́ kọ́ orúkọ àwọn tó wà nínú rẹ̀, kó bá wọn gbá ilẹ̀, kó jẹ́ kí ìyá arúgbó kan tún ọ̀rọ̀ sísọ rẹ̀ ṣe.

Nínú fọ́ọ̀mù físà, wọ́n máa ń béèrè orúkọ àti àdírẹ́sì ẹni tí yóò gba arìnrìn-àjò sílé. Mo bẹ ẹ̀yin ìjọ tó ń rán akẹ́kọ̀ọ́ jáde láti Àbújá, ẹ béèrè ìbéèrè yẹn ṣáájú òṣìṣẹ́ aṣojú ìjọba. Ẹ kọ̀wé sí onílé náà, ẹ sọ fún un pé ọmọ ìkọ́ṣẹ́ lẹ ń rán bọ̀, kó sì máa bá a wí. Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ náà, ẹ fi ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ yín gbọ́, kí ẹ tó gba makirofóònù.