Yemọja: Orúkọ Tí Ó Kọjá Òkun

Yèyé ọmọ ẹja ni àwọn baba wa pe òrìṣà yìí, kí ahọ́n tó sọ ọ́ di Yemọja: ìyá tí ọmọ rẹ̀ pọ̀ bí ẹja inú ibú. Òun ni ó ni odò Ògùn, odò náà sì ń ṣàn wọ inú ọ̀sà Èkó wa yìí.

Àwọn tí a kó lẹ́rú gbé orúkọ náà kọjá òkun. Ní Bràsíìlì ó di Iemanjá, ní Kúbà ó di Yemayá. Ìpè yí padà; ìyá kò yí padà.

Bí ẹni tí a kó lọ kò bá gbàgbé, kí ni àwíjàre àwa tí a jókòó létí ọ̀sà, tí a ń pe Yemọja láìmọ ìtumọ̀ rẹ̀? Ẹ jẹ́ kí a fi kọ́ àwọn ọmọ wa.