Ọgbà Ìtọ́jú Ẹ̀dá ti Lekki

Ọgbà Ìtọ́jú Ẹ̀dá ti Lekki ni igbó etíkun tí wọ́n dáàbò bò nílùú Èkó, lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì Lekki sí Ẹ̀pẹ́. Àjọ Nigerian Conservation Foundation, tí Olóyè S. L. Edu dá sílẹ̀ ní 1980, ló ni ín. Ọdún 1990 ni wọ́n dá ọgbà náà sílẹ̀ lórí ilẹ̀ hẹ́kítà 78. Nítorí pé àjọ yìí ló ni ín, kì í ṣe ìjọba, kò sí lára àwọn ọgbà ìjọba àpapọ̀ bíi ti Ọ̀yọ́ Àtijọ́.

Àbàtà, igbó àti pápá oko ló pàdé níbẹ̀. Irú ilẹ̀ àbàtà bẹ́ẹ̀ wà káàkiri etíkun yìí, lọ sí ìhà ìlà-oòrùn títí dé ọ̀dọ̀ àwọn Ìlàjẹ ní Ìpínlẹ̀ Oǹdó. Ṣùgbọ́n ní Lekki, ilé àti òpópónà ti gba púpọ̀ nínú rẹ̀, èyí ló sì sọ ìyókù di iyebíye.

Orí afárá pákó ni àlejò ń gbà kọjá lórí àbàtà. Ọ̀nì, ejò àti oríṣiríṣi ẹyẹ wà níbẹ̀. Àwọn ọ̀bọ kì í sá fún ènìyàn. Wọ́n lè já oúnjẹ gbà lọ́wọ́ àlejò. Ohun tí ọ̀pọ̀ ń torí rẹ̀ wá ni afárá òkè igi, tí wọ́n parí ní 2015: ó gùn tó mítà 401, okùn wáyà ló gbé e dúró, ó sì máa ń mì bí ènìyàn bá ṣe ń gbẹ́sẹ̀. Owó ìwọlé tí àlejò ń san wà fún ìtọ́jú ọgbà náà.