Nígbà Tí Èrò Ń Ya Wá Wo Ṣóòtìn: Ọ̀rọ̀ fún Àwa Tó Wà Lókè Ọya

Àwọn ọmọ wa mọ orúkọ gbogbo agbábọ́ọ̀lù Chelsea àti Arsenal, wọ́n ń sanwó wọ ilé ìwòran lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Ẹ wá bi wọ́n léèrè Shooting Stars, wọ́n á kàn máa wò yín ni. Bẹ́ẹ̀ ẹgbẹ́ Ìbàdàn yìí ló kọ́kọ́ gba ife Áfíríkà wá sí Nàìjíríà, lọ́dún 1976, nígbà tí wọ́n ń pè é ní IICC, tí wọ́n na Tonnerre ti Yaoundé ní àròpọ̀ góòlù 4 sí 2.

Kí ló ń kó èrò wá nígbà yẹn? Kì í ṣe pátákó ìpolówó. Àwọn èèyàn mọ ẹni tí wọ́n ń lọ wò ni. Mudashiru Lawal, iṣẹ́ mẹkáníìkì ló ń ṣe kó tó di ìràwọ̀. Ṣẹ́gun Ọdẹ́gbàmí ńkọ́? Jos níbí ló dàgbà sí! Ṣé ẹ rí i pé ọ̀rọ̀ yìí kàn wá.

Ní 1977, wọ́n pàdé Rangers ti Enugu nínú sẹmí-fáínà ife kan náà. Kaduna ni wọ́n ti parí ẹ̀, Rangers ló borí nínú pẹ́náritì. Ó dùn wá o. Àmọ́ ẹ wò ó bí ọlọ́jà: Kaduna kì í ṣe ilé ẹgbẹ́ kankan nínú méjèèjì, síbẹ̀ Yorùbá ń gbé ibẹ̀, Íbò náà ń gbé ibẹ̀. Oníbàárà ti wà nílẹ̀ de wọn. (Ife 1992 wá lẹ́yìn náà, Zamalek sì fojú wa rí nǹkan ní 1984 àti 1996.)

Lónìí, bí ẹgbẹ́ kan bá ti ilé wá gbá bọ́ọ̀lù ní Jos, ìgbà tí wọ́n bá lọ tán la máa ń gbọ́. Irú ọjà wo nìyẹn? Kí wọ́n ránṣẹ́ ní ọ̀sẹ̀ kan ṣáájú sí mọ́ṣáláṣí, ṣọ́ọ̀ṣì àti ìpàdé ìlú kọ̀ọ̀kan. Kí wọ́n gbé jẹ́sì wá sọ́jà, títí kan ti ọmọdé. Kí wọ́n ya ìjókòó sọ́tọ̀ fún ìdílé, torí ìyàwó wa ò ní jókòó sáàárín àwọn tó ń fa igbó. Kí wọ́n mú àgbà agbábọ́ọ̀lù kan dání, kó bọ àwọn ọmọ wa lọ́wọ́.

Ẹni tó bá kọ́kọ́ gbọ́ ọjọ́ tí wọ́n ń bọ̀, kó kọ ọ́ síbí. Àwa ọlọ́jà la máa san owó mọ́tò àwọn ọmọ.