Dá Sí, Là, Tojú Bọ̀

Inú bí mi lọ́jọ́ tí mo ka «wíwá-sí-àárín» nínú ìwé kan tí wọ́n túmọ̀ fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́. Intervene ni wọ́n fẹ́ fi Yorùbá pè. Òótọ́ ni pé bí Látìn tí Gẹ̀ẹ́sì ti yá a ṣe tò ó nìyẹn: inter ni àárín, venire ni wá. Ṣùgbọ́n ta ló ń sọ bẹ́ẹ̀ nílé wa? Ohun tí èèyàn wá ṣe láàárín ni Yorùbá máa ń bi í, kì í bi í bó ṣe dé ibẹ̀.

Ọ̀pọ̀ ohun tí intervene ń sọ kò le túmọ̀. Ẹni tó ń báni bẹ ọba, ó ń ṣìpẹ̀. Alárenà wà láàárín títí ìyàwó á fi mojú ọkọ, á sì yẹ̀ba. Tí ìjà bá bẹ́ lójú pópó, «Ẹ là wọ́n o!» ni igbe, là yìí kan náà la fi ń la obì, la fi ń la igi. Inú rẹ̀ ni onílàjà inú Bíbélì ti wá.

Dá sí ló gba kí á jókòó tì í. A ń dáwó sí ìnáwó ẹbí, Ọlọ́run ń dá ẹ̀mí wa sí, a sì ń dá sí ọ̀rọ̀. Lójú tèmi, ti owó ló sún mọ́ ti ọ̀rọ̀ jù: ẹni tó dá sí ọ̀rọ̀ mú ìpín ẹnu tirẹ̀ wá, bí ẹbí ṣe ń mú ìpín owó wá. Nítorí náà ni ìdásí fi bá àgbà tó ń parí ìjà tọkọtaya mu, tó sì bá báńkì àpapọ̀ tó ń ta dọ́là kí náírà má baà já mu.

Àmọ́ «ìdásí ológun»? Etí mi kọ̀ ọ́. Dídá ẹ̀mí sí ṣì ń dún nínú rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ìbọn ni wọ́n gbé wá. Ní oṣù Kejìlá ọdún 1851, ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì da àgbá bo Èkó, wọ́n lé Ọba Kòsọ́kọ́, wọ́n dá Ọba Akítóyè padà sórí oyè. Intervention ni àwọn ìwé Gẹ̀ẹ́sì kan pè é. Ará Èkó pè é ní Ogun Àgídìngbì, bí àgbá ṣe dún létí wọn gan-an. Mo fara mọ́ ará Èkó.

Lọ́dún 2023, lẹ́yìn tí àwọn ológun gbàjọba ní Niger, ECOWAS, àjọ àwọn orílẹ̀-èdè Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, halẹ̀ pé àwọn lè fi agbára ológun dá ìjọba alágbádá padà. Ẹni tó fẹ́ ẹ á ní wọ́n ń dá sí i. Ẹni tó kórìíra rẹ̀ á ní wọ́n ń tojú bọ ọ̀ràn ọlọ́ràn. Kí akọ̀ròyìn kọ ti àwọn méjèèjì sílẹ̀ bí wọ́n ṣe sọ ọ́. Tó bá kan gbólóhùn tirẹ̀, kó kọ ọ́ pé wọ́n fẹ́ kó ọmọ ogun wọ Niger.