Ọdẹ Orí: Ta Ló Ń Fún Àìsàn Ọpọlọ Lórúkọ?

Tẹ́ ẹ bá ń gbọ́ ariwo tírélà lẹ́yìn ohùn mi, ẹ má bínú. Ajégúnlẹ̀ ni mo wà, èbúté Àpápá ò sì jìnnà sí wa.

Lọ́dún tí mo ń múra fún WAEC, orí mi bẹ̀rẹ̀ sí í gbóná. Bí mo bá ti ṣí ìwé, ojú mi á ṣú, nǹkan kan á sì máa rìn nínú agbárí mi bí èèrà. Ilé ìwòsàn kan ní ibà ni, wọ́n fún mi lóògùn ibà. Màmá àgbà mi ní tiwọn ní, "Ọdẹ orí nìyẹn." Ara mi ò yá lójú ẹsẹ̀, ṣùgbọ́n ọkàn mi balẹ̀ díẹ̀. Ó kéré tán, ohun tó ń ṣe mí lórúkọ.

Àwọn baba ńlá wa ti ń to àìsàn ọpọlọ lẹ́sẹẹsẹ tipẹ́. Èyí tó bá mú obìnrin lẹ́yìn ìbímọ, abísínwín ni. Ẹni tí orí rẹ̀ dàrú àmọ́ tó ṣì ń wọṣọ, tó ń kí ará àdúgbò, wèrè aláṣọ ni.

Nígbà tí òyìnbó dé, wọ́n ṣí ilé wèrè ní Yábàá lọ́dún 1907. Ìtìmọ́lé ló jọ ju ilé ìwòsàn lọ. Òfin wọn ti 1916 pe ẹni tí ọpọlọ rẹ̀ ò pé ní "lunatic", ó parí.

Lọ́dún 1954 ni Dókítà Thomas Adéoyè Lámbò bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Aro, l'Abẹ́òkúta. Ó jẹ́ kí àwọn aláìsàn máa gbé lábúlé pẹ̀lú ẹbí wọn, ó sì pe àwọn oníṣègùn ìbílẹ̀ mọ́ra. Ibẹ̀ ni Raymond Prince, dókítà ará Kánádà, ti ṣiṣẹ́. Lọ́dún 1960, ó kọ̀wé nípa àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tí orí ń gbóná, tí ìwé ò wọ̀ wọ́n lórí mọ́. "Brain fag" ni wọ́n ń pè é. Ní 1994, ìwé DSM táwọn dókítà ọpọlọ Amẹ́ríkà fi ń pín àìsàn kọ orúkọ yìí sẹ́yìn ìwé, láàárín àwọn àìsàn tó bá àṣà rìn. Nígbà tí wọ́n tún un ṣe ní 2013, wọ́n yọ ọ́ kúrò lára àwọn àìsàn tó dá dúró nínú àkójọ yẹn.

Ẹ wá gbọ́ èyí tó pa mí lẹ́rìn-ín: àwọn dókítà ilẹ̀ Bìrìtìkó ti ń lo "brain fag" ní nǹkan bí ọgọ́rùn-ún ọdún sẹ́yìn àti jù bẹ́ẹ̀ lọ, fún àwọn èèyàn tiwọn tí iṣẹ́ ọpọlọ ti dá lágara. Wọ́n gbàgbé rẹ̀, ó wá di àìsàn tiwa.

Ṣé wọ́n yọ orúkọ, àìsàn lọ ni? Rárá o. Ní yunifásítì ni dókítà kan tó jókòó gbọ́ mi. Kò bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú orúkọ. Ó ní: ìgbà wo ló bẹ̀rẹ̀? Ṣé o ń sùn? Ṣé ó ń dí ẹ̀kọ́ rẹ lọ́wọ́? Ìbéèrè yẹn gan-an ni ìpìlẹ̀ ìtumọ̀ àìsàn ọpọlọ lónìí: ṣé ìrònú tàbí ìwà ti yí padà, ṣé ó ń ni ẹni náà lára, ṣé ó ń dí ìgbé ayé rẹ̀ lọ́wọ́? Ẹni tó ń sunkún òkú lásán kì í ṣe aláìsàn. Ó ní àníyàn àpọ̀jù ló ń ṣe mí. Kò fi Màmá àgbà ṣe yẹ̀yẹ́.

Ní January 2023 ni Nàìjíríà tó fọwọ́ sí òfin tuntun tó rọ́pò òfin wèrè àtijọ́. Ó dáa. Ṣùgbọ́n láàárín èmi àti ẹ̀yin, bí ọmọ àdúgbò bá sọ pé orí òun ń gbóná, ẹ má tètè pè é ní wèrè, ẹ má sì dè é mọ́lẹ̀. Ẹ bi í bóyá ó ń sùn.

Ó di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ o.