Olu Longe, ọ̀jọ̀gbọ́n tó gbé Ifá sẹ́gbẹ̀ẹ́ kọ̀ǹpútà

Ní Oko-Akarè àti ní gbogbo ìgbèríko Adja-Ouèrè, ta ni kò mọ ọ̀pẹ̀lẹ̀? Ṣùgbọ́n tí ọmọ wa bá lọ kọ́ informatique, ó máa ń rò pé òun ti fi ilé sílẹ̀ pátápátá, pé nǹkan òyìnbó lòun ń kọ́. Ìdí nìyẹn tí a fi fẹ́ sọ̀rọ̀ Olu Longe fún yín.

Ọmọ Nàìjíríà ni. Yunifásítì Ìbàdàn ló ti ṣe olùkọ́, òun ni wọ́n sì ń pè ní ọ̀jọ̀gbọ́n àkọ́kọ́ nínú ìmọ̀ kọ̀ǹpútà ní Nàìjíríà. Àṣà kan wà níbẹ̀: ọ̀jọ̀gbọ́n a máa dìde níwájú gbogbo ènìyàn, kó sọ̀rọ̀ nípa iṣẹ́ rẹ̀. Leçon inaugurale ni Faransé ń pè é. Ó kan Longe ní ọjọ́ 22 oṣù kejìlá ọdún 1983. Ó lè sọ̀rọ̀ nípa ẹ̀rọ Amẹ́ríkà, ta ni ì bá bá a wí? Ifá dídá àti ìmọ̀ kọ̀ǹpútà ló fi ṣe àkọlé ọ̀rọ̀ rẹ̀.

Kí ló so méjèèjì pọ̀? Ẹ wo ọ̀pẹ̀lẹ̀. Èso 8 ló wà lára rẹ̀, 4 lọ́tùn-ún, 4 lósì. Bí babaláwo bá jù ú sílẹ̀, èso kọ̀ọ̀kan á ṣí inú sókè tàbí kó dojú dé. Kò sí ẹ̀kẹta. Apá ọ̀tún nìkan lè jáde lọ́nà 16, apá òsì bẹ́ẹ̀. 16 lọ́nà 16 jẹ́ 256: ojú odù 16, ọmọ odù 240. Tó bá jẹ́ ikin ni, bákan náà: tí ẹyọ kan bá ṣẹ́ kù lọ́wọ́, á tẹ ilà méjì sínú ìyẹ̀rosùn, tí méjì bá ṣẹ́ kù, á tẹ ẹyọ kan, títí á fi tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀mẹ́jọ.

Nínú ordinateur, iná wà tàbí iná ò sí: 1 tàbí 0. Tí a bá to mẹ́jọ irú ẹ̀ pọ̀, ó di octet, ọ̀nà tó sì lè gbà jáde jẹ́ 256 gẹ́lẹ́. Lẹ́tà A tí ẹ ń tẹ̀ lórí tẹlifóònù, 01000001 ni nínú ẹ̀rọ.

Èyí tó wù wá jù ni ti ẹsẹ Ifá. Odù dà bíi nọ́ńbà ilé. Babaláwo kì í wá ẹsẹ kiri. Odù tó bá jáde ló ń tọ́ka sí ibi tí ẹsẹ wà nínú orí rẹ̀. Bí kọ̀ǹpútà ṣe ń wá ohun tó kó pamọ́ náà nìyẹn.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má gbọ́ wa lódì o. Àwọn kan ń sọ ọ́ lórí WhatsApp pé babaláwo ló dá kọ̀ǹpútà sílẹ̀. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ní 1703, Leibniz ọmọ Jámánì tẹ ìwé jáde ní èdè Faransé lórí ìṣirò 0 àti 1, òun náà sì tọ́ka sí àmì 64 inú ìwé àtijọ́ àwọn ará Ṣáínà. Ní 1937, Claude Shannon ní Amẹ́ríkà fi hàn bí ìṣirò "bẹ́ẹ̀ ni" àti "bẹ́ẹ̀ kọ́" ṣe lè ṣiṣẹ́ pẹ̀lú iná tí à ń tàn tí à ń pa. Ọ̀nà tí kọ̀ǹpútà gbà dé nìyẹn. Ti Longe yàtọ̀: ohun tó wà nílé ló gbé síwájú àwọn ọ̀mọ̀wé, gẹ́gẹ́ bí ètò tó ní ìṣirò nínú. Lẹ́yìn èyí, ní 2005, UNESCO náà ka Ifá mọ́ ohun ìṣúra gbogbo ayé.

Lọ́dọ̀ wa ní Bẹ̀nẹ̀, Jean-Pierre Ezin, onímọ̀ ìṣirò, dá IMSP sílẹ̀ ní 1988. Dangbo ló wà, ní Ouémé, kò jìnnà sí wa. Wọ́n ń kọ́ ìṣirò, físíìsì àti informatique níbẹ̀. Ọmọ Oko-Akarè tó bá ti gba bac, tí orí rẹ̀ sì gba ìṣirò, lè lọ béèrè bí wọ́n ṣe ń gba ènìyàn.