Ǹjẹ́ Microsoft Office Lè Ṣiṣẹ́ Lórí Linux?

Linux jẹ́ ètò tí ń darí kọ̀ǹpútà, tí ẹnikẹ́ni lè lò láìsanwó. Títí di òní, ilé-iṣẹ́ Microsoft kò tíì ṣe Word àti Excel tí a lè gbé sórí rẹ̀. Wọ́n gbé Teams jáde fún Linux ní ọdún 2019, ṣùgbọ́n wọ́n dá a dúró ní ọdún 2022, wọ́n sì darí àwọn tí ń lò ó sí ti orí íntánẹ́ẹ̀tì. Ọ̀nà kan náà ni ó ṣí sílẹ̀ fún Word àti Excel: a lè lò wọ́n lọ́fẹ̀ẹ́ láti inú Firefox tàbí Chrome, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé iṣẹ́ tí wọ́n lè ṣe níbẹ̀ kò pé.

Fún ẹni tí íntánẹ́ẹ̀tì rẹ̀ kò dúró ṣinṣin, LibreOffice wà lọ́fẹ̀ẹ́. Ó ń ṣí fáìlì Word àti Excel, ṣùgbọ́n ètò ojú-ìwé lè yí padà.

A kì í fi ẹsẹ̀ méjèèjì wọn odò. Nítorí náà, a gba ẹ̀yin olùgbé ìpínlẹ̀ wa níyànjú pé kí ẹ tó kúrò lórí Windows, kí ẹ kọ́kọ́ fi ẹ̀dà àwọn ìwé tí ẹ ń lò jù dán Linux wò, kí ẹ sì tọ́jú ojúlówó wọn síbòmíràn.